Eku Tó Jẹ Ìwé Gbèsè

Òru kẹta tí mo padà sílé bàbá mi l'Ókèsà,
mo gbọ́ ọ lókè àjà:
kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́,
kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fi èékánná wá kọ́bọ̀ nínú àpò òfìfo.
Mo fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà.
Ó dákẹ́. Mo dùbúlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ti jẹ ọṣẹ, ó ti jẹ etí bàtà,
ó dá ihò sídìí àpò gàárì,
ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó sanwó rẹ̀.
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi pàápàá, ó jẹ ẹ́, ó fẹ́ ẹ;
àárọ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣe é lálejò.

Mo yá ológìnní ìyàwó àlùfáà fún òru méjì.
Ó jẹ ẹja mi, ó gba ìrọ̀rí mi.
Eku ń sáré lókè, ológìnní ń hanrun nísàlẹ̀,
èmi nìkan ni mò ń ṣọ́lé.

Tìámíyù l'ọ́jà Àtàkúnmọ́sà ní kí n gba gọ́ọ̀mù,
pé eku tó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní í débi tó ń lọ.
Mo tẹ́ gọ́ọ̀mù. Sálúbàtà mi ló mú.
Mo ra oró. Ó fi oró sílẹ̀,
ó jẹ bébà tí wọ́n fi wé e.
Mo dẹ pańpẹ́ sí orí ẹja gbígbẹ:
ẹja lọ,
pańpẹ́ yanu sílẹ̀ ó ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí Fágbòrè, bàbá mi, òṣómàáló,
tó ru aṣọ láti Iléṣà títí dé Ọ̀fà,
tó tà á láwìn, tó padà lọ lẹ́yìn ìkórè.
Kì í jókòó nílé onígbèsè.
Wọ́n á gbé àpótí, á ní rárá.
Wọ́n á bu omi, á ní ẹ gbé e sílẹ̀ ná.
Á ṣó sẹ́nu ọ̀nà, ìdí rẹ̀ kò ní í kan ilẹ̀.
"Òṣó ni mà á ló gbowó mi."
Oòrùn á yí. Adìyẹ á wọlé. Á ṣì wà ní òṣó.

Mo paná. Èmi náà ṣó
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onírin rẹ̀.
Orúnkún ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
ariwo rẹ̀ ju ti eku lọ.
Aago kan. Aago méjì kọjá.
Ó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri wẹ́rẹ́ bí onílé,
ó gba abẹ́ àpótí wọlé.

Mo wọ́ àpótí kúrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Ìyá ti fò jáde.
Ọmọ márùn-ún ló kù, wọ́n pupa bí èrìgì ọmọ ọwọ́,
ojú wọn kò tíì là.
Ìwé gbèsè bàbá mi ni wọ́n tẹ́ sùn.

Ìwé tí a wá tì lẹ́yìn ìsìnkú,
tí ẹ̀gbọ́n mi Olátẹ́jú fura pé mo jí,
tí a kò fi kíra wa fún ọdún mẹ́rin.
Eku ti gé e wẹ́wẹ́, ó sọ ọ́ di òwú.
Mo rí "Bùrémọ̀, Ọ̀fà, ọ̀pá mẹ́f"
mo rí "Sínótù ní ó di ọjọ́ ọj"
mo rí "ó ku", "ó ku", "ó ku",
iye tó kù, inú eku ló wà.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe Olátẹ́jú.
"Mo ti rí ìwé yẹn." "Níbo?"
"Lábẹ́ ọmọ eku."
Ó dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti kú.
Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín bíi ti Bàbá.

Mo ti fi páànù kó wọn dà sẹ́yìn odi,
ìwé àti ọmọ pọ̀.
Mo fi sìmẹ́ńtì dí ihò. Mo fọwọ́. Mo jẹun.

Lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti lọ tọ̀.
Ó wà níwájú sìmẹ́ńtì tútù,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ kékeré láyà,
ó ń wò mí, kò sá.
Ó ṣó.